Àmì Méjì Abẹ́ Orúkọ Mi

Ìbínú tí mo gbé wọ yàrá ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe ìbínú ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọmọ tó ń kọ́ wa ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí ìbínú náà ti ń bá èmi àti ọkọ mi gbé. Ó bá wa kúrò n'Íkẹjà, ó bá wa wọ bàálù, ó sì wà nínú ilé wa lẹ́bàá Páàkì Valence ní Lọ́ńdọ̀nù níbí títí di òní, kò san háyà rí.

Gbádégẹṣin lọkọ mi ń jẹ́. Nínú ìjọ Aládùúrà wa, Bàbá Alámì ni wọ́n ń pè é, nítorí pé báírò kì í wọ́n lápò sùtánà rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pín ìwé ètò ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, kí orin àkọ́kọ́ tó parí, ó ti fi àmì sí abẹ́ gbogbo ọ àti ẹ tí akọ̀wé gbàgbé. Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé tẹ "Egbe Awon Iya" gàdàgbà sójú ìwé, láìsí àmì kankan. Ọkọ mi dìde láàárín ìjọ. "Ẹ̀yin ará, ẹgbẹ́ lẹ fẹ́ kọ, ègbé lẹ kọ. Kí làwọn ìyá wa ṣe fún yín tí ẹ fi ní ègbé ni fún wọn?" Àwọn ìyá figbe ta. Láti ọjọ́ náà, akọ̀wé kì í tẹ ohunkóhun láìkọ́kọ́ fi hàn án.

Iṣẹ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi yàwòrán àǹkárá ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní Ìtànná, n'Íkẹjà. Lọ́dún 1998 tí mo bí Wúrà, ó ya èyí tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wò ó lókèèrè, ewé àti ẹyẹ lẹ máa rí. Bí ẹ bá sún mọ́ etí aṣọ náà, ẹ máa rí i pé orúkọ mi ló fi ṣe ẹ̀ka igi táwọn ẹyẹ bà lé: FỌLÁKẸ́, FỌLÁKẸ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmì méjì tó wà lábẹ́ orúkọ náà, ó yà wọ́n bí èso tó já bọ́. Wọ́n gé ọ̀pá mẹ́fà àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ fún un, ó sì gbé e wá bá mi lórí ibùsùn. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ jí iṣẹ́ yìí, yóò kọ́kọ́ jí orúkọ ìyàwó mi."

Wọ́n sì jí i. Lọ́dún 2002, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan mú aṣọ wá láti ọjà. Ẹyẹ kan náà, ewé kan náà, "Ìtànná, Ìkẹjà" sì wà létí rẹ̀ gàgàrà, ṣùgbọ́n aṣọ náà fẹ́lẹ́, Ìkẹjà kò sì mọ ọ́n rí. FOLAKE ló wà létí rẹ̀. Kò sí àmì kankan. "Ṣáínà ni," ni gbogbo wọn wí. Ìjọba ti fòfin de àǹkárá òkèèrè nígbà náà o! Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ẹrù ń gba Kùtọnu wọlé, àwọn aṣọ́bodè ń wòran. Mo fojú ara mi rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàlàyé òfin náà wọ irú aṣọ tó ní ká má rà.

Lọ́dún 2004, wọ́n ti Ìtànná pa. Èmi àti àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ mìíràn dúró lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ gun orí tábìlì níwájú èrò tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ó ní, "Àwọn ará Ṣáínà ti pa wá o!" Ó fa híńkáṣífù yọ, ó nu ojú. Ọkọ mi bú sẹ́kún nísàlẹ̀ níbẹ̀, èmi náà sunkún lẹ́nu géètì. Bí mo bá rántí ẹkún yẹn báyìí, ó ń ṣe mí bíi kí n padà lọ gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá náà.

Láti ìgbà náà, Gbádégẹṣin ní nǹkan Ṣáínà kankan kò gbọdọ̀ wọ ilé òun. A dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣe iṣẹ́ ọlọ́dẹ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé tuntun ní Beam Park, títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sì yí òfin yẹn padà. Òfin tí kò ṣeé pa mọ́! Kẹ́tùlù tó fi ń se omi tíì, Ṣáínà. Fóònù tó fi ń gbọ́ ìwàásù, Ṣáínà. Ilé ìtajà aṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Vicarage Field, mo sì mọ ibi tí wọ́n ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Mo ti wo ìdí báírò rẹ̀ rí. Mi ò sọ fún un.

Wúrà, ọmọ wa, ló forúkọ wa sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà. Àárọ̀ Sátidé mẹ́fà ni, nínú gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sílé wa. Wọ́n pe ẹ̀kọ́ náà ní Mímọ Ṣáínà Òde Òní: òṣèlú rẹ̀, ọrọ̀-ajé rẹ̀, àti bó ṣe ń bá ayé lò. Ọkọ mi ní, "Èmi tí Ṣáínà ti jẹ tán, kí ló kù tí mo fẹ́ mọ̀ nípa ẹnu rẹ̀?" Ṣùgbọ́n ó lọ, ó sì mú báírò dání.

Jùwọ́n lorúkọ tíṣà wa. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, Dagenham níbí ni wọ́n bí i sí, Ìjẹ̀bú làwọn òbí rẹ̀ ti wá, ó sì ń kàwé láti di dókítà nínú ọ̀rọ̀ Ṣáínà. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó tẹ̀ ba díẹ̀ kí wa, ó pè wá ní Daddy àti Mummy; Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ́ wa, ṣùgbọ́n ó ń fi Yorùbá bá èmi àti ọkọ mi sọ̀rọ̀. Nínú àwa mọ́kànlá tá a wá, obìnrin ará Ṣáínà kan wà tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí, Madam Liáo, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Beam Park. Ìdí ẹ̀rọ amúlémóoru lẹ́yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí. Òun fúnra rẹ̀ ní kì í ṣe nítorí Ṣáínà lòun ṣe wá, òun wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ó máa ń sọ ọ́ sínú fóònù, fóònù á sì túmọ̀ rẹ̀. Mo kí i. Ọkọ mi kò kí i. Àgbà Aládùúrà tó ń kí ajá àti ológbò ní àdúgbò, ó kọjá lára obìnrin náà bí ẹni kọjá lára àga.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Jùwọ́n ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló ń ṣàkóso. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ṣètò iṣẹ́ ìlú sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀gá tí ń ṣàkóso agbègbè kan ní láti fi hàn pé iṣẹ́ ń gbèrú lọ́dọ̀ òun kó tó lè gba ìgbéga. Gbádégẹṣin kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi àmì sí i. "Ìyẹn ni pé," ó ní, "ẹnì kan wà nínú ọ́fíìsì kan níbẹ̀ tó fi orúkọ ìyàwó mi gba ìgbéga." Jùwọ́n rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀rọ̀ dé ilé. Jùwọ́n gbé àwòrán kan sójú ògiri nípa aṣọ híhun ní Áfíríkà. Ìlà kan ṣoṣo ni ti Nàìjíríà níbẹ̀, ó kà á, ó sì fẹ́ kọjá: àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Nàìjíríà kógbá sílé nítorí pé wọn kò lè díje.

"Dúró níbẹ̀," ni ọkọ mi wí. "Ta ni kò lè díje?"

"Daddy, it's just a summary. Iná ò dúró, àwọn machine yẹn ti gbó, China sì ń dá owó orí padà fún àwọn tó ń kó aṣọ lọ sókè òkun. So, they couldn't compete."

"Bí èmi àti ìwọ bá ń sáré ìje, tí o bọ́ bàtà mi lẹ́sẹ̀ mi, tí o gbé e wọ̀, tí o tún ní orúkọ mi lò ń jẹ́, ṣé èmi ni mi ò lè sáré?"

Jùwọ́n họ orí. "Sir, mo gbọ́ yín. But I need evidence. Àwọn mìíràn máa lo ìwé ẹ̀kọ́ yìí lẹ́yìn wa, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹ bá ní nǹkan kan tí mo lè yà ní fọ́tò, I swear, màá yí sentence yẹn padà, màá sì fi orúkọ yín sí i. Bí kò bá sí, it stays."

"Ẹ̀rí wà," ni Gbádégẹṣin wí. Ojú rẹ̀ ń tàn. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ láti ọdún tí a ti dé ìlú yìí. "Aṣọ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó wà nínú àpótí ìyàwó mi."



Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín ṣáájú kí n tó jẹ́wọ́ fún un. Aṣọ yẹn kò sí nínú àpótí mi. Lọ́dún 2003, nígbà tí ọkọ mi rin ìrìn-àjò iṣẹ́ lọ sí Kàdúnà, mo fẹ́ lọ̀ ọ́ kí n wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkómọ kan. Iná lọ, mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù lórí rẹ̀, mo lọ bá Wúrà tó ń sunkún ní yàrá. Iná dé pẹ̀lú agbára. Ìgbà tí òórùn pè mí padà, ihò tó wà láàárín aṣọ náà tó àwo ìjẹun. Èmi nìkan ni mo mọ ẹkún tí mo sun. Ọjọ́ kejì, mo wá a kiri Balógun, mo sì rí i: ẹyẹ kan náà, ewé kan náà, orúkọ Ìtànná létí rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó ìdajì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ká a sínú àpótí, mo fi káńfọ̀ sí i. Mi ò béèrè ìdí tí owó rẹ̀ fi rọ̀. Èmi ìyàwó Bàbá Alámì, mi ò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ orúkọ ara mi.

Òun náà kò wò ó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tú aṣọ náà lójú òun mọ́, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tẹ́ ẹ sínú pósí òun. Báyìí ló ṣe sùn nínú àpótí fún ogún ọdún ó lé.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, nígbà tó lọ sí ìpàdé àwọn àgbà ìjọ, mo ṣí àpótí. Mo mọ ohun tí mo máa rí, síbẹ̀ mo gbàdúrà kí n tó wò ó. FOLAKE, FOLAKE, FOLAKE. Mo mú báírò. Ọlọ́run ló kó mi yọ, ǹ bá ti fi ọwọ́ ara mi ṣe àmì náà kó tó dé. Ẹni tó ń rí àmì tó sọnù lójú ìwé láti ìjókòó kẹta, ṣé kò ní í mọ àdàmọ̀dì? Mo dá báírò padà. Lọ́jọ́bọ̀ mo la ẹnu láti sọ fún un. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ kóòtù rẹ̀, ó ń kọrin. Mo pa ẹnu dé.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọ̀rọ̀ ìbáṣepọ̀ ni Jùwọ́n sọ. Ó ní Ṣáínà máa ń wí pé òun kì í dá sí ọ̀ràn abẹ́lé ẹlòmíràn, ó sì ti kéde pé òun fẹ́ yọ owó ibodè kúrò lórí ọjà tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà bá kó wá. "Win-win," ó ní. "Mo jẹ, o jẹ." Ọkọ mi kò tilẹ̀ jiyàn. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni Jùwọ́n fún un láti mú aṣọ náà wá, ó ń dúró de Sátidé rẹ̀ ni.

Sátidé náà dé. Ó so tábìlì mẹ́ta pọ̀, ó sì tẹ́ aṣọ náà sórí wọn bí ẹni tẹ́ pẹpẹ. Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá. Jùwọ́n ń ya fọ́tò, ó ń sọ pé "Wow, Daddy, ẹ̀yin lẹ ya èyí?" Ọkọ mi kò tíì wo aṣọ náà dáadáa. Àwa la ń wò ó. Ó ń sọ ìtàn ilé iṣẹ́ Ìtànná, ó ń sọ ti èmi àti Wúrà lórí ibùsùn, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni Madam Liáo dìde nídìí ẹ̀rọ amúlémóoru. Ó rìn wá, ó fi ìka kan lé etí aṣọ náà, ó fa ìka náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Fóònù sọ ọ́ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, láìdùn láìkorò: "This is my work."

"Ẹ gbọ́ o!" Ọkọ mi gbá tábìlì. "Olè ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́! Jùwọ́n, kọ ọ́ sílẹ̀! Àmọ́, madam, èyí kọ́ ni tìrẹ. Ojúlówó nìyí. Tìrẹ kò ní àmì. Wá wò ó."

Ó fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ó wo orúkọ àkọ́kọ́. Ó wo èkejì. Ó ń tẹ̀lé e lọ pẹ̀lú ìka, láti tábìlì kìíní dé ìkẹta, bí ẹni tó já nǹkan bọ́ tó ń wá a. Ìgbà tó dé òpin, kò nà tán. Ìyá Wúrà ló máa ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti bímọ. Lọ́jọ́ náà, orúkọ mi ló pè.

"Fọlákẹ́. Ojúlówó dà?"

Mo kúnlẹ̀. Níwájú gbogbo wọn, mo kúnlẹ̀. "Bàbá Wúrà, ẹ dárí jì mí. Áyọ́ọ̀nù jó o nígbà tí ẹ wà ní Kàdúnà. Mo ra èyí ní Balógun, kí ẹ má baà mọ̀."

"O rà á."

"Mo rà á."

"Ọdún tí a ń lọ káàkiri tí a ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n má rà á."

"Ọdún náà ni."

Kò pariwo. Bó bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Jùwọ́n rọra gbé fóònù tó fi ń ya fọ́tò sílẹ̀. "Daddy, ẹ má bínú, I'm really sorry. Ṣùgbọ́n láìsí original, technically, mi ò lè..." Ó ti ń yí ojú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìlà yẹn ṣì wà lójú ògiri lẹ́yìn rẹ̀: wọn kò lè díje.

Madam Liáo kò tíì kúrò nídìí aṣọ náà. Ó tún sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ó pẹ́ gan-an lórí rẹ̀, a sì ń dúró kí fóònù túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Ohun tó sọ nìyí. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí ìjọba ní, ní Shandong, lòun ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1998 wọ́n pe àwọn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta jọ, wọ́n ní ìlú ń fẹ́ àtúnṣe, kí wọ́n máa lọ sílé. Xiàgǎng lorúkọ tí wọ́n pè é, pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wọn. "Bí ẹni pé àwa la fẹsẹ̀ ara wa sọ̀kalẹ̀," ó ní. "Wọ́n tì wá ni." Ọdún méjì ló fi jókòó sílé kí oníṣòwò kan tó gbà á, láti máa tún àwòrán aṣọ yà fún ẹ̀rọ. Lọ́dún 2002, àwòrán méje dé nínú àpòòwé kan. Ó rántí ti ẹlẹ́yẹ yìí dáadáa nítorí ìdọ̀tí tó wà lára rẹ̀.

Ọkọ mi gbójú sókè. "Ìdọ̀tí wo?"

Madam Liáo fi ìka tọ́ abẹ́ O, ó tọ́ abẹ́ E. "Here. And here. Every one." Ó tún padà sí fóònù. Ó ní òun rò pé àwọn ará Áfíríkà kò nu ẹ̀rọ wọn ni. Ọjọ́ méjì gbáko lòun fi nu ìdọ̀tí náà kúrò. Inú òun sì dùn sí i, ọ̀gá òun yìn òun.

Ní ti èmi, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n da omi lé e lórí. Orúkọ mi! Ó fi aṣọ nù ún kúrò bí ẹni nu ìgbẹ́ eṣinṣin!

Gbádégẹṣin ti dìde. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó sì fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀, Jùwọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ sínú fóònù. "Madam, ẹ bá mi rántí. Ta ló fi àpòòwé náà ránṣẹ́ sí yín?"

Ó ní òun kò lè ka lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣùgbọ́n òun rántí òǹtẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ó wà lẹ́yìn àwòrán méjèèje, àwọn tó ni ín ló sì ní kí òun kọ orúkọ wọn sí etí aṣọ. Ó bu bébà kan, ó ya òdòdó tó ní ewé márùn-ún, ó fa ìlà yí i ká. Ìgbà tó yà á dé ewé kẹta ni èmi àti ọkọ mi ti wo ojú ara wa. Òǹtẹ̀ Ìtànná ni. Kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà. Inú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ló ń gbé, òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà! Ẹni tó gun orí tábìlì! Òun ló fi iṣẹ́ ọkọ mi sínú àpòòwé, òun ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún ní ẹ̀dínwó, òun ló ní kí wọ́n kọ Ìkẹjà sí i, òun ló kó o gba Kùtọnu wọlé wá tà fún èmi òmùgọ̀. Ó wá ti ilé iṣẹ́ pa, ó wá fi híńkáṣífù nu ojú gbígbẹ. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn sì bá a sunkún. Ó jẹ́ kí ọkọ mi máa fi ogún ọdún bá kẹ́tùlù jà!

"Wow," ni Jùwọ́n wí. "That's mad. Ṣùgbọ́n, ìyẹn ni pé, it's still one person's memory, it's kind of anecdotal..."

"Jùwọ́n," mo ní, "jókòó."

Ó jókòó.

"Ẹni tó nu àmì náà kúrò ló dúró níwájú rẹ yìí, tó ń sọ fún ọ pé àmì wà níbẹ̀. Ó sọ iye ọjọ́ tó fi nù ún. Ó ya òǹtẹ̀ tí kò rí láti ogún ọdún. Ẹ̀rí wo lo tún ń fẹ́, kí aṣọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni? Nígbà tí ìwé kan sọ fún ọ pé a kò lè díje, o béèrè pé ta ló rí i? Lọ́sẹ̀ tó kọjá o ní wọ́n fẹ́ ṣí ibodè fún wa láìgba owó. Kí la fẹ́ kó kọjá níbẹ̀? Aṣọ wo? Láti ilé iṣẹ́ wo? Wọ́n ti fọ́ ìkòkò tán, wọ́n wá ń sọ fún wa pé ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sílẹ̀! Àtàwọn tiwa tó gbé ìkòkò náà lé wọn lọ́wọ́, o ò tilẹ̀ dárúkọ wọn. Èmi náà wà níbẹ̀, èmi tí mo rà á. Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má kọ ọ́ mọ́ pé wọn kò lè díje. Wọ́n tà wọ́n ni. Wọ́n ta ẹgbẹ̀rún ènìyàn n'Íkẹjà, wọ́n ta ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ní Shandong, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kankan nínú wọn léèrè."

Mo ti kúrò lórí ìkúnlẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Jùwọ́n wo Madam Liáo, ó wo aṣọ, ó wo mí. Lẹ́yìn náà ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó pa ìlà náà rẹ́ lójú gbogbo wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òmíràn. Ó tẹ̀ ẹ́ pé wọ́n tà wọ́n. Ó tẹ orúkọ ọkọ mi sábẹ́ rẹ̀: Gbadegesin.

"Àmì," ni ọkọ mi wí.

"Sir?"

"Abẹ́ ẹ, abẹ́ ṣ. Wá a lórí ẹ̀rọ rẹ, ó wà níbẹ̀."

Madam Liáo béèrè ohun tí àmì náà ń ṣe gan-an. Gbádégẹṣin sọ ìtàn ẹgbẹ́ àti ègbé fún fóònù rẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó mi orí. Ó bu bébà mìíràn, ó fa ìlà mẹ́ta, 大, ó ní ìyẹn ni "ńlá." Ó wá kán àmì kan ṣoṣo sí èjìká rẹ̀, 犬. "Now, dog," ó ní.

Ọkọ mi wo bébà náà títí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ láti inú, ó mi èjìká rẹ̀. "Ọ̀gá ńlá," ó ní. "Àmì kan péré, ó di ajá." Ó gba bébà náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ Ìtànná, ó tún fi báírò tẹ àmì náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Madam Liáo náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tèmi kò tíì tán.

Kò tíì tán lóòótọ́. Ó yíjú sí mi, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó na báírò sí mi.

"Aṣọ yìí náà ni wọn yóò tẹ́ sínú pósí mi, nítorí pé kò sí òmíràn," ó ní. "Mi ò sì ní í wọ ilẹ̀ pẹ̀lú ègbé lára. Ìwọ lo rà á bẹ́ẹ̀. Fi orúkọ rẹ sí i padà."

Ọ̀pá mẹ́fà ni. Mo gba báírò náà. Madam Liáo ti fa àga sí ìparí aṣọ lọ́hùn-ún, ó ń wá kálàmù nínú báàgì rẹ̀. Jùwọ́n ní wọ́n máa ti gbọ̀ngàn láago méjìlá. Mo tẹ orí mọ́lẹ̀, mo fi àmì kan sí abẹ́ O àkọ́kọ́, rọra, kí inkì má baà ràn.

Ọkọ mi fi awò ojú rẹ̀ wò ó.

"Ó kéré," ó ní. "Jẹ́ kó hàn."